Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ mú Màmá lọ Birmingham, ẹ ṣọ́ tíkẹ́ẹ̀tì yín o

Àbúrò, o ní ìwọ àti Màmá ń bọ̀ láti London lọ Birmingham fún ọjọ́ kan, o fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ lè fi tréènì àti ẹ̀gbẹ́ kánààlì (omi tí wọ́n gbẹ́ fún ọkọ̀ ojú omi) wo ìlú náà láì gbé takisí, torí orúnkún Màmá. Ó ṣe é ṣe dáadáa. Àmọ́ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ tíkẹ́ẹ̀tì, torí ibẹ̀ ni ojú mi ti rí màbo.

Ọkọ̀ Euston máa já yín sí New Street, ti Marylebone á já yín sí Moor Street, àárín méjèèjì ò jìnnà síra. Tíkẹ́ẹ̀tì Advance tó rọjú yẹn, tí wọ́n ń rà sílẹ̀ ṣáájú, ọkọ̀ tẹ́ ẹ mú nìkan ló wà fún o. Láti ìlú míì ni èmi ti ń bọ̀ lọ́jọ́ tọ́rọ̀ tèmi ṣẹlẹ̀, èmi, ìyàwó mi àtàwọn ọmọ. Wọ́n fagi lé ọkọ̀ wa. Mo lọ bá òṣìṣẹ́ kan tó dúró sórí pláátífọ́ọ̀mù, ó ní ká wọ ọkọ̀ ilé iṣẹ́ kejì, pé wọ́n á gbà á lọ́wọ́ wa. Mo tún un bi, ó ní ṣé mi ò gbọ́ òun ni. A wọlé, a jókòó, kò pẹ́ ni ẹni tó ń yẹ tíkẹ́ẹ̀tì wò dé, ó ní èyí ò ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ tòun. Mo ṣàlàyé, ó ní ta ló sọ bẹ́ẹ̀, kí lorúkọ ẹ̀, ìwé tó fún yín dà? Ibo ni kí n ti rí ìwé! Gbogbo èrò ọkọ̀ yíjú sí wa bí ẹni mú olè, ọmọ mi obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, ọkùnrin yẹn ò tiẹ̀ wo ojú rẹ̀, ó kàn ń tẹ ẹ̀rọ ọwọ́ ẹ̀ ni. Ó bu owó ìtanràn lé wa. £100 ni owó ìtanràn yẹn ní England láti January 2023, wọ́n á tún fi owó ọkọ̀ lé e, bó o bá san án láàárín ọjọ́ 21 ó di £50 àti owó ọkọ̀. Mo kọ lẹ́tà pé mi ò gbà, wọ́n fi èsì kan ránṣẹ́ tó hàn gbangba pé kò sẹ́ni tó ka ohun tí mo kọ. Mo tún kọ. Ọlọ́run ló yọ wá, ìyàwó mi ti ya fọ́tò bọ́ọ̀dù tó kọ "Cancelled" torí ó fẹ́ fi han àbúrò ẹ̀ tó ń dúró dè wá, fọ́tò yẹn la fi ránṣẹ́ kí wọ́n tó dá owó wa padà. Wọn ò sọ pé ẹ má bínú o.

Nítorí náà, ohunkóhun tí òṣìṣẹ́ rélùwéè bá fẹnu sọ fún yín, ẹ ní kó kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ ya fọ́tò bọ́ọ̀dù, ẹ wo ìkànnì wọn bóyá wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀. Ẹ ra Two Together Railcard, káàdì ẹ̀dínwó fún èèyàn méjì tó jọ ń rìn, ìdá kan nínú mẹ́ta owó ọkọ̀ ló ń yọ, àmọ́ kò ṣiṣẹ́ kí aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ tó lù láàárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́. Tí Màmá bá ti pé 60, Senior wà fún wọn.

Kánààlì wá ńkọ́. Láti New Street ẹ gba inú ilé ìtajà ńlá tí wọ́n ń pè ní Mailbox kọjá, ẹ ti débẹ̀. Bí ẹsẹ̀ bá ń dùn wọ́n, ẹ wọ tráàmù dé Brindleyplace. Ẹ rí i pé Màmá dé Gas Street Basin, ibi táwọn ọkọ̀ ojú omi ti ń gúnlẹ̀, kí wọ́n rí ibi tí wọ́n ń pè ní Worcester Bar. Ògiri kan ni, fífẹ̀ ẹ̀ bí ẹsẹ̀ bàtà méje, ó pín kánààlì méjì níyà. Ilé iṣẹ́ Birmingham Canal ló kọ́kọ́ débẹ̀, James Brindley ló la ọ̀nà omi wọn, 1769 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi kó èédú wọ̀lú. Nígbà táwọn ará Worcester gbé kánààlì tiwọn dé, àwọn ti Birmingham ní omi àwọn ò gbọdọ̀ ṣàn sọ́dọ̀ wọn, torí orí òkè nìlú náà wà, omi wọ́n, débi pé láti 1779 ni ẹ́ńjìnnì onísítíìmù tí Boulton àti Watt ṣe ti ń fa omi padà sókè ní Smethwick (ẹ́ńjìnnì yẹn wà ní Thinktank, ilé àkójọ nǹkan sáyẹ́ǹsì ní Birmingham, báyìí). Ni wọ́n bá fi ògiri sáàárín. Ẹrù tó bá dé, ọwọ́ ni àwọn alágbàrù fi ń gbé e láti inú ọkọ̀ kan sínú ìkejì, torí ẹsẹ̀ bàtà méje! 1815 ni wọ́n tó gbà kí ọkọ̀ kọjá. Nígbà tí mo gbọ́ ìtàn yẹn inú bí mi, torí ohun tí wọ́n ṣe fún wa náà nìyẹn, ilé iṣẹ́ méjì ò gbọ́ra wọn yé, ẹni tó gbẹ́rù lọ́wọ́ ló ń jìyà.

Ọ̀rọ̀ orúnkún tó o béèrè gan-an: láti Gas Street lọ sápá gúúsù, kò sí lock kankan (ilẹ̀kùn omi tó ń gbé ọkọ̀ sókè tàbí sọ̀ ọ́ kalẹ̀), ilẹ̀ tẹ́jú pẹrẹsẹ, ojú irin Cross-City sì ń bá omi lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ẹ rìn dé stéṣọ̀n University, bíi máìlì méjì, tó bá ti rẹ̀ wọ́n ẹ wọ tréènì. Stéṣọ̀n méjì sí i ni Bournville, ibi tí Cadbury kó ilé iṣẹ́ wọn lọ ní 1879, ibẹ̀ ni Bournvita ti gba orúkọ, Màmá á fẹ́ ya fọ́tò níbẹ̀. Ihò kan wà lọ́nà ní Edgbaston, kò gùn, àmọ́ ẹ fi etí sílẹ̀ fáwọn oníkẹ̀kẹ́, torí wọn kì í dẹ̀rọ̀ tí wọ́n bá ti wọ abẹ́ afárá, ẹ sì jẹ́ kí Màmá máa rìn lápá ògiri. Ẹ má gbà kẹ́nikẹ́ni ní kẹ́ ẹ lọ Farmer's Bridge pé ibẹ̀ ló dáa jù. Ó dáa lóòótọ́, àmọ́ lock 13 ló wà níbẹ̀, ìsọ̀kalẹ̀ ni látòkè délẹ̀, ẹ ó sì tún gòkè padà.

Tí àyè bá wà, ẹ wọ tréènì dé Smethwick Galton Bridge. Lórí pláátífọ́ọ̀mù níbẹ̀ ẹ ó rí afárá irin tí ẹnjiníà Thomas Telford ṣe ní 1829, kánààlì á wà nísàlẹ̀ ẹsẹ̀ yín lọ́hùn-ún, Màmá ò ní sọ̀kalẹ̀ rárá.

Fi ọjọ́ tẹ́ ẹ fẹ́ lọ ránṣẹ́ sí mi, kí n bá yín wo tíkẹ́ẹ̀tì náà kẹ́ ẹ tó sanwó.