Ṣé àwòrán dróònù tó láti fi gba ìwé ilẹ̀ ẹbí?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹbí wa ní ilẹ̀ oko tó tó bí éékà 80 lẹ́bàá Ìkirè. Kòkó ló pọ̀ jù níbẹ̀, ìdí igi mẹ́rin la sì jẹ́. Láti ìgbà tí àwọn tó ń ra ilẹ̀ ti ń ya wọ agbègbè wa, ẹ̀rù ń bà wá kí ẹnì kan má lọ tà á lẹ́yìn wa. Ọmọ àbúrò bàbá mi mú ọ̀dọ́mọkùnrin kan wá tó ní dróònù. Ó ní òun á ya gbogbo ilẹ̀ náà láàárọ̀ ọjọ́ kan ṣoṣo, pé àwòrán yẹn ti tó láti fi gba ìwé. Àwọn àgbà ilé ò gbà fún un. Ṣé òótọ́ ló ń sọ? Kí ló yẹ ká kọ́kọ́ ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ kú àníyàn o. Ọmọkùnrin yẹn ò parọ́ tán, kò sì sòótọ́ tán. Ó lè ya éékà 80 láàárọ̀ ọjọ́ kan lóòótọ́, àwòrán òfúrufú sì wúlò gan-an fún ilẹ̀ tó tóbi tó bẹ́ẹ̀. Èmi náà ń lò ó lẹ́nu iṣẹ́ awọnlẹ̀ tí mò ń ṣe. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ ni àwòrán ń fi hàn, kì í fi onílẹ̀ hàn. Ọ̀pọ̀ ẹbí ló ń sanwó fún tàkọ́kọ́, tí wọ́n á rò pé èkejì ti wà nínú rẹ̀.

Kí n tó lọ jìnnà, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìwé dẹ́rù bà yín. Òfin ilẹ̀ ọdún 1978 fi ilẹ̀ ìgboro sábẹ́ gómìnà, ó sì fi ilẹ̀ oko sábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Ẹni tó ti ń dáko lórí ilẹ̀ rẹ̀ kí òfin náà tó dé ṣì ní ẹ̀tọ́ sí i, bí kò tilẹ̀ ní ìwé kankan. Ìwé dára, àmọ́ kì í ṣe pé ilẹ̀ yín á fò lọ lóṣù tó ń bọ̀.

Ibi tí ọmọkùnrin yẹn ti gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ lè jẹ́ Rwanda. Láti 2009 sí 2013, wọ́n forúkọ ilẹ̀ tó lé ní mílíọ̀nù mẹ́wàá sílẹ̀ níbẹ̀, àwòrán òfúrufú ni wọ́n sì fi ṣe èyí tó pọ̀ jù. Wọn ò ri òpó sí igun ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Wọ́n tẹ àwòrán sórí ìwé ńlá, wọ́n gbé e lọ sí abúlé, onílẹ̀ àti àwọn tí wọ́n jọ pààlà rìn yí ilẹ̀ po, ọmọ abúlé tí wọ́n ti kọ́ níṣẹ́ sì fa ilà ààlà sórí àwòrán níṣojú gbogbo wọn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fún ẹni tó bá ní àríyànjiyàn láyè láti wá sọ tẹnu rẹ̀. Nàmíbíà náà lo àwòrán òfúrufú fún ilẹ̀ tó wà lábẹ́ àwọn ọba àti ìjòyè, lẹ́yìn òfin tí wọ́n ṣe lọ́dún 2002. Ẹ ò rí i pé iṣẹ́ ẹsẹ̀ àti iṣẹ́ ẹnu ló pọ̀ jù níbẹ̀? Òfin tiwọn sì gba ilà orí àwòrán wọlé. Tiwa ṣì ń béèrè pílánù tí awọnlẹ̀ tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ SURCON, àjọ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ awọnlẹ̀, buwọ́ lù, tó ní nọ́ńbà òpó ààlà, tí ẹ̀dà rẹ̀ sì ti wọ ọ́fíìsì Surveyor-General, olórí awọnlẹ̀ ìpínlẹ̀, ìyẹn red copy tí gbogbo ènìyàn ń pariwo. Ẹ bi oní-dróònù yín lójúkojú: ta ni yóò buwọ́ lu pílánù? Bó bá bẹ̀rẹ̀ sí í ká ọ̀rọ̀ mọ́nu, ẹ ti gbọ́ ìdáhùn.

Ìṣòro tilẹ̀ yín gan-an ni kòkó. Tó bá ti dàgbà, ewé rẹ̀ á di òrùlé. Láti òkè, ẹ ò ní rí pèrègún tí àwọn bàbá yín gbìn sójú ààlà, ẹ ò ní rí ọ̀gán, ẹ ò sì ní rí ọ̀nà oko. Ewé lásán ni, láti tiyín dé ti alámùúlégbè. Ohun tó máa ń hàn ni odò, nítorí igi etídò ga, wọ́n sì ṣú ju ti oko lọ. Ìrókò tó dá dúró máa ń hàn, páànù ahéré pẹ̀lú, àti ọ̀pẹ.

Nǹkan díẹ̀ yẹn ti tó fún ẹni tó mọ oko. Nígbà kan, a tẹ́ irú àwòrán bẹ́ẹ̀ sórí ẹní níwájú ilé olórí ẹbí kan. Àwọn ọkùnrin ń jiyàn lórí ibi tí ààlà gbà, kò sẹ́ni tó gbà fún ẹnì kejì. Ìyá àgbà kan tí ẹsẹ̀ ò jẹ́ kó lè lọ sóko mọ́ sún mọ́ ọn, ó fi ìka tọ páànù kan tó ti dípẹtà, ó ní, “Ibí yìí ni mo ti ń fọ́ èkùrọ́. Ọ̀pẹ mẹ́ta ló wà lẹ́yìn ẹ̀, ẹ lọ wo ìdí ẹ̀kẹta.” Nígbà tí a débẹ̀, a bá pèrègún mẹ́rin, ọ̀kan ti wó lulẹ̀. Àríyànjiyàn parí síbẹ̀. Lójú tèmi, iṣẹ́ tí àwòrán mọ̀ ọ́n ṣe jù nìyẹn, ju kí a fi wọn ilẹ̀ lọ.

Ìwọ̀n fúnra rẹ̀, ilẹ̀ la ti ń mú un. Awọnlẹ̀ á gbé GPS tó péye dé ìdí pèrègún kọ̀ọ̀kan. GPS fóònù ò tó o. Níta gbangba pàápàá, ó lè fi mítà mẹ́ta sí márùn-ún ṣì í, abẹ́ kòkó sì tún burú jù bẹ́ẹ̀. Kí dróònù tó gbéra, a máa ń fi kun funfun ya àmì sílẹ̀ káàkiri, a ó sì wọn àmì náà, kí àwòrán lè jókòó síbi tó yẹ. Àwòrán tí a kò ṣe bẹ́ẹ̀ fún á dùn ún wò, àmọ́ ó lè yẹ̀ ní mítà mélòó kan.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn. Bí pílánù bá jáde, ẹnì kan nínú ẹbí á wá bó ṣe máa tẹ nọ́ńbà orí rẹ̀ sínú Google Maps, á sì figbe ta pé awọnlẹ̀ ti gbé ilẹ̀ wa fún ẹlòmíràn. Ẹ fara balẹ̀. Ọ̀pọ̀ pílánù wa ṣì ń lo ìpìlẹ̀ Minna, ìyẹn ìpìlẹ̀ ìwọ̀n ilẹ̀ ti Nàìjíríà, fóònù sì ń lo WGS84, ìpìlẹ̀ tí GPS ń lò káàkiri ayé. Ibì kan náà lè fi ohun tó lé ní ọgọ́rùn-ún mítà yàtọ̀ láàárín méjèèjì. Ẹ ní kí awọnlẹ̀ yí i padà fún yín. Oní-dróònù tí kò bá mọ ìyàtọ̀ yìí ni kí ẹ sá fún.

Orúkọ ló kù, òun ló sì ń ká mi lára jù. Torí pé olórí ẹbí ló dàgbà jù, orúkọ rẹ̀ nìkan ni wọ́n máa ń kọ. Bó bá kú, àwọn ọmọ rẹ̀ á gbé ìwé jáde pé ti bàbá àwọn ni. Láti ọdún 1959, nínú ẹjọ́ Ekpendu àti Erika, ni ilé ẹjọ́ gíga jùlọ ti sọ pé bí olórí ẹbí bá ta ilẹ̀ láìjẹ́ kí àwọn àgbà ẹbí mọ̀, wọ́n lè ní kí ilé ẹjọ́ fagi lé e. Bó bá jẹ́ ọmọ ẹbí kan ló tà á lẹ́yìn olórí, òfo ni. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó bá ẹni tó ti ra ilẹ̀ dé kóòtù, owó á ti lọ, ọdún á ti lọ. Òfin CAMA ọdún 2020, ìyẹn òfin ilé-iṣẹ́ àti ẹgbẹ́, gba àwọn tí ìbátan so pọ̀ láyè láti yan alábòójútó, kí wọ́n sì forúkọ wọn sílẹ̀ ní CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ ilé-iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ sílẹ̀. Ẹ bi lọ́yà yín bóyá ó bá yín mu, tàbí kí ẹ kọ orúkọ aṣojú ìdí igi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, fún ara wọn àti fún ẹbí. Ẹ má yọ àwọn ọmọbìnrin sílẹ̀ o. Ilẹ̀ ẹbí jẹ́ tiwọn náà.

Ní báyìí, kí ẹ tó ná kọ́bọ̀ lórí dróònù, ẹ ní kí awọnlẹ̀ mú ìwọ̀n igun ilẹ̀ náà mélòó kan lọ ṣe charting ní ọ́fíìsì Surveyor-General, ìyẹn ni pé wọ́n á gbé e lé máàpù tó wà lọ́wọ́ ìjọba. Ibẹ̀ lẹ ti máa mọ̀ bóyá ìjọba ti gbẹ́sẹ̀ lé apá kan, tàbí pílánù ẹlòmíràn ti wà lórí rẹ̀. Ẹ wá lọ fi tó Baálẹ̀ létí àti àwọn tí ẹ jọ pààlà, nítorí ẹni tó bá ṣàdédé rí dróònù lórí oko rẹ̀ á gbà pé wọ́n ti tà á. Oní-dróònù náà ní láti gba àṣẹ NCAA, àjọ tó ń ṣàkóso ọkọ̀ òfúrufú, àti ti ọ́fíìsì Olùdámọ̀ràn Ààbò Orílẹ̀-èdè. Ẹ ní kó fi ìwé rẹ̀ hàn yín. Kó má sì ya á nínú ọyẹ́ líle, eruku á bo gbogbo rẹ̀. Nígbà tí àwọn alámùúlégbè bá ti fọwọ́ sí àwòrán àti ààlà orí rẹ̀, ẹ ṣe ẹ̀dà fún ìdí igi kọ̀ọ̀kan, kí ojúlówó sì wà lọ́dọ̀ lọ́yà, kì í ṣe lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ẹnikẹ́ni.