Arákàn l'Ápápá, Myohaung ní Yábà

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́, ta ni Arákàn tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe bárékè Ápápá? Ṣé ọ̀gá sójà kan láti Òkè Ọya ni?

Ìdáhùn: Kì í ṣe èèyàn o. Agbègbè etí òkun ni, ní ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Bọ́mà (Myanmar òde òní). Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, tí àwọn àgbà ń pè ní Ogun Hítílà, ibẹ̀ ni Gẹ̀ẹ́sì kó àwọn ọmọ wa lọ láti bá Jàpáànù jà. Myohaung náà, tí wọ́n fi pe bárékè Yábà, olú-ìlú àwọn ọba Arákàn àtijọ́ ni. Àwọn ọmọ ogun Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà gbà á lóṣù Ṣẹẹrẹ 1945. Mrauk U ni wọ́n ń pè é báyìí.

Àwa Yorùbá náà kúkú máa ń sọ ogun lórúkọ. Ìró ìbọn ló bí orúkọ Kírìjì. Àwọn sójà ní tiwọn mú orúkọ ojú ogun wálé, wọ́n fi sọ bárékè.

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù nínú ogun yẹn ni ẹrù rírù. Ní àfonífojì odò Kaladan ní Arákàn, òkè àti igbó ni, ojú ọ̀nà ò tó nǹkan. Ọkọ̀ òfuurufú ló ń ju oúnjẹ àti ọta sí wọn, àwọn aláàárù á wá gbé e karí, wọ́n á máa tẹ̀ lé àwọn tó ń yìnbọn. Ẹ wo àmì 82 Division, ọ̀kan nínú àwọn ẹgbẹ́ ọmọ ogun Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà tó jà níbẹ̀: ọ̀kọ̀ méjì tó dábùú ara wọn nínú òṣùká. Òṣùká kan náà tí alárù Ìdúmọ̀tà ń lò! Ṣùgbọ́n bí a bá ní ká dárúkọ akíkanjú, ta ló ń rántí ẹni tó ru ẹrù?

Ìdúmọ̀tà náà ní ère ìrántí àwọn ọmọ ogun rí, Sójà Ìdúmọ̀tà. Wọ́n ti gbé e kúrò níbẹ̀.

Ọjọ́ ìrántí àwọn sójà tó kú sójú ogun tẹ́lẹ̀, ọjọ́ 11 oṣù Bélú ni. Lẹ́yìn ogun Bìáfrà ni ìjọba gbé e sí ọjọ́ 15 oṣù Ṣẹẹrẹ, nítorí ọjọ́ yẹn ni ogun náà parí lọ́dún 1970. Lójú tèmi, ìyẹn wà lára ohun tó jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ rò pé ti Bìáfrà nìkan ni òdòdó pupa tí wọ́n ń fi sáyà fún ìrántí náà.