Ọkọ mi ní glaucoma, orúnkún ń yọ èmi náà lẹ́nu: ṣé a lè wọ ọkọ̀ òkun lọ sí Nọ́wè?

ÌBÉÈRÈ

Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi àti ọkọ mi ti fẹ̀yìntì, London la sì ń gbé. Wọ́n ti pé ọdún 73, èmi jẹ́ 68. Àwọn ọmọ wa fẹ́ sanwó krúùsì ọlọ́jọ́ méje fún wa lóṣù Kẹfà ọdún tó ń bọ̀, láti Southampton lọ sí Nọ́wè: Stavanger, Olden, Geiranger àti Bergen. Pásípọ́ọ̀tù Ìlú Ọba ni mo ní, ṣùgbọ́n ti Nàìjíríà ni ọkọ mi ṣì ń lò, pẹ̀lú àṣẹ ìgbélùú gbére. Wọ́n ní glaucoma, ìyẹn àrùn ojú, àti ìtọ̀ ṣúgà. Èmi ní ẹ̀jẹ̀ ríru, orúnkún ọ̀tún mi ò sì fẹ́ rí àtẹ̀gùn. A ò wọ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Kí ló yẹ ká mọ̀ kí àwọn ọmọ tó sanwó?

ÌDÁHÙN

Ẹ kú ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́, mà. Ìrìn àjò náà ṣeé ṣe dáadáa fún ẹ̀yin méjèèjì, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ láti orí iye tí wọ́n rí nínú ìpolówó. Ìwé ìrìnnà Bàbá ló máa sọ ìgbà tẹ́ ẹ máa sanwó. Orúnkún yín àti ojú wọn ló máa sọ yàrá tẹ́ ẹ máa gbà.

Nọ́wè ò sí nínú European Union, ṣùgbọ́n ó wà nínú Schengen, ìyẹn àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù tó jọ ń lo físà kan náà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní pásípọ́ọ̀tù Ìlú Ọba ò nílò físà. Kẹ́ ẹ ṣáà rí i pé pásípọ́ọ̀tù náà ò tíì pé ọdún 10 tí wọ́n ti ṣe é lọ́jọ́ tẹ́ ẹ máa wọ Nọ́wè, àti pé ó ṣì ku oṣù 3, ó kéré tán, lẹ́yìn ọjọ́ tẹ́ ẹ máa kúrò níbẹ̀. Ti Bàbá yàtọ̀. Àṣẹ ìgbélùú gbére ò mú ẹni tó ní pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà wọ Schengen, jíjẹ́ tí wọ́n sì jẹ́ ọkọ ọmọ Ìlú Ọba ò ràn wọ́n lọ́wọ́ mọ́ látìgbà tí Ìlú Ọba ti jáde kúrò nínú European Union. Wọ́n gbọ́dọ̀ gba físà. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló rò pé báwọn bá jókòó sínú ọkọ̀ láì sọ̀ kalẹ̀ ní èbúté kankan, ọ̀rọ̀ físà ò kan àwọn. Ní Southampton gan-an ni òṣìṣẹ́ ọkọ̀ ti máa béèrè ẹ̀, ẹni tí ò bá sì ní in, ilé ló máa padà sí, wọn ò sì ní dá owó ẹ̀ padà.

Ẹ wá wo bí ọjọ́ ṣe to ara wọn. Wọn kì í gba ìwé físà Schengen ju oṣù 6 lọ ṣáájú ìrìn àjò, wọn kì í sì í gbà á tó bá ti ku ọjọ́ tí ò tó 15. Lọ́pọ̀ ilé-iṣẹ́ krúùsì, nǹkan bí 90 ọjọ́ ṣáájú ìrìn àjò lẹ máa san owó tó kù, látìgbà yẹn lọ sì ni owó ìfagilé máa ń ga sókè. Ká ní ogúnjọ́ oṣù Kẹfà ni ọkọ̀ máa gbéra, Bàbá lè fi ìwé sílẹ̀ láti ogúnjọ́ oṣù Kejìlá, owó tó kù á sì di sísan ní nǹkan bí ọjọ́ kejìlélógún oṣù Kẹta. Oṣù mẹ́ta tó wà láàárín yẹn ni kí físà jáde. Ọjọ́ 15 ni wọ́n sábà máa ń fi ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀, ó lè di 45 tí wọ́n bá fẹ́ wádìí síwájú sí i, ọjọ́ ìpàdé láti lọ tẹ̀ka sì máa ń ṣọ̀wọ́n bí ìgbà ooru bá ti ń sún mọ́lé. Torí náà, owó àkọ́san nìkan ni kí àwọn ọmọ san báyìí. Kí wọ́n béèrè kí wọ́n tó san án bóyá ó ṣeé gbà padà, torí ọ̀pọ̀ ni kò ṣeé gbà.

Owó físà fún àgbàlagbà jẹ́ 90 yúrò, yàtọ̀ sí owó tí ilé-iṣẹ́ tó ń gba ìwé máa gbà. Wọ́n á béèrè ìnṣọ́ránsì ìlera tó tó 30,000 yúrò, ó kéré tán. Ẹ ní kí Bàbá béèrè físà tó gbà wọ́n láyè láti wọlé ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, kí ọjọ́ díẹ̀ sì lé lórí ọjọ́ ìrìn àjò. Ìdí ni pé àwọn ọkọ̀ kan máa ń yà ní Lerwick tàbí Kirkwall, tó jẹ́ ilẹ̀ Ìlú Ọba, láàárín èbúté Nọ́wè méjì. Ìyẹn túmọ̀ sí pé wọ́n ti jáde ní Schengen, wọ́n sì tún fẹ́ wọ̀ ọ́. Ọjọ́ tó lé lórí ẹ̀ wà fún ọjọ́ tí àìsàn bá dá wọn dúró, tàbí tí ọkọ̀ bá já wọn sílẹ̀.

Káàdì BRP, ìyẹn káàdì ìgbélùú, ti parí iṣẹ́ ní ìparí ọdún 2024, eVisa, ìyẹn àkọsílẹ̀ orí íntánẹ́ẹ̀tì, ló kù. Bí Bàbá bá ti gba pásípọ́ọ̀tù tuntun lẹ́yìn tí wọ́n ṣí àkáǹtì UKVI wọn (UKVI ni ẹ̀ka ìjọba Ìlú Ọba tó ń bójú tó físà), kí wọ́n wọ inú ẹ̀ lọ fi nọ́ńbà tuntun náà síbẹ̀. Bí nọ́ńbà méjèèjì ò bá bára mu, wàhálà dé nìyẹn lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń padà. Orúkọ náà ńkọ́? Bó ṣe wà nínú pásípọ́ọ̀tù gẹ́lẹ́ ni kó wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì. Láàárín wa, orúkọ bàbá ẹni lè wà nínú ìwé kan kí ti ọkọ wà nínú òmíràn, àwọn ọmọ á sì kọ èyí tí wọ́n mọ̀. Àyípadà orúkọ lọ́wọ́ ìparí máa ń gbowó.

Ó yá, yàrá. Àárín ọkọ̀, ní àjà ìsàlẹ̀, ni ọkọ̀ ti máa ń mì níwọ̀n jù. Iwájú àti ẹ̀yìn ló máa ń lọ sókè-sódò, bẹ́ẹ̀ ni bí yàrá bá ṣe ga tó ló ṣe máa ń fì tó. Òkun Àríwá ò sì ṣeé fọkàn tán, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn pàápàá. Yàrá olówó pọ́ọ́kú jù ni èyí tí ilé-iṣẹ́ fúnra wọn máa yàn fún yín. Ẹ̀yin ẹ má gbà á, torí ó lè bọ́ sí iwájú pátápátá, níbi tí ariwo ìdákọ̀ró ti máa jí yín. Kí àwọn ọmọ ṣí àwòrán ọkọ̀ náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí wọ́n wo ohun tó wà lókè yàrá àti nísàlẹ̀ ẹ̀. Ẹ má gba èyí tó wà lábẹ́ ilé oúnjẹ tàbí lábẹ́ ibi ìwẹ̀, torí ìdájí ni wọ́n ti ń fa àga níbẹ̀. Ẹ má gba èyí tó wà lórí ilé ijó náà. Kó sún mọ́ lífítì, àmọ́ kó má dojú kọ ọ́.

Yàrá tó ní fèrèsé tó fi òkun hàn ti tó yín. Báákónì dára ní Nọ́wè ju ọ̀pọ̀ ibi lọ, torí àárọ̀ kùtù ni ọkọ̀ sábà máa ń wọ inú fjord, ìyẹn apá òkun tóóró tó gba àárín òkè gíga kọjá, ẹ sì lè wò ó láì kúrò ní yàrá. Ṣùgbọ́n lórí àjà òkè tó ṣí sílẹ̀ fún gbogbo èèyàn, ọ̀tún àti òsì lẹ máa rí, ọ̀fẹ́ sì ni. Bí owó bá máa fa ìjà, ẹ fi owó báákónì ra ìnṣọ́ránsì tó múná dóko. Ẹ béèrè ibi ìwẹ̀ tí kò ní báàfù, torí kíkọjá etí báàfù nígbà tí ọkọ̀ ń mì ò dáa fún orúnkún. Lọ́pọ̀ ọkọ̀ pẹ̀lú, ẹnu ọ̀nà balùwẹ̀ ga ju ilẹ̀ yàrá lọ, ó sì máa ń gbá èèyàn lẹ́sẹ̀ lóru. Kí Bàbá mú iná kékeré tó ń lo bátìrì dání, torí ojú wọn.

Ìnṣọ́ránsì àti oògùn ló ń da àgbàlagbà láàmú jù. NHS ò ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀, àfi bí ẹni pé ẹ ti wà lókè òkun látìgbà tẹ́ ẹ ti wọlé ní Southampton. Dókítà tó wà níbẹ̀ ń gbowó. Àyẹ̀wò kan ṣoṣo lè kọjá 100 pọ́n-ùn kí wọ́n tó kan oògùn. Káàdì GHIC, ìyẹn káàdì ìtọ́jú ìlera tí Ìlú Ọba ń fún àwọn tó ń gbé ibẹ̀ fún ìrìn àjò, ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn ìjọba ní Nọ́wè, àmọ́ kò ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀, kò sì gbé yín padà sílé. Ìnṣọ́ránsì tẹ́ ẹ máa rà gbọ́dọ̀ dárúkọ krúùsì ní pàtó, kó sì kan gbígbé aláìsàn pẹ̀lú hẹlikópítà. Ẹ sọ gbogbo àìsàn fún wọn: glaucoma, ìtọ̀ ṣúgà, ẹ̀jẹ̀ ríru, orúnkún, àti àyẹ̀wò tẹ́ ẹ ṣì ń retí. Ohun tẹ́ ẹ bá fi pa mọ́ ni wọ́n máa fi kọ̀ láti sanwó. Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá san owó àkọ́san ni kẹ́ ẹ rà á, torí ó ń bo ìfagilé pẹ̀lú.

Cinnarizine àti hyoscine ni oògùn èébì ojú omi tó wọ́pọ̀ ní kẹ́míìsì níbí. Ẹ má kàn ra hyoscine fún Bàbá bẹ́ẹ̀. Ó lè mú kí ìfúnpá inú ojú ga sókè fún ẹni tó ní irú glaucoma kan, ó lè dí ìtọ̀ fún ọkùnrin tí prostate ẹ̀ ti tóbi, ó sì máa ń da ọpọlọ àgbàlagbà rú nígbà míì. Cinnarizine náà ń kunni lóorun. Bí apòògùn bá fọwọ́ sí i, wákàtí méjì ṣáájú kí ọkọ̀ tó gbéra ni wọ́n ń lo àkọ́kọ́. Ẹni tó bá dúró títí tí èébì fi bẹ̀rẹ̀ ti pẹ́ jù. Àwọn kan máa ń jẹ atalẹ̀, kò burú. Ìbéèrè kejì tẹ́ ẹ máa bi apòògùn ni pé: nínú oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru àti ti ṣúgà tá à ń lò, èwo la máa dáwọ́ ẹ̀ dúró bí èébì tàbí ìgbẹ́ gbuuru bá mú wa? Tí omi bá ti gbẹ lára, oògùn tó ń mú èèyàn tọ̀ lè ṣèpalára fún kíndìnrín, metformin tó jẹ́ oògùn ṣúgà sì lè pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ débi tó fi léwu. Gliclazide, oògùn ṣúgà míì, lè já ṣúgà wálẹ̀ jù fún ẹni tí ò lè jẹun. Ẹ kọ ìdáhùn náà sínú ìwé.

Bí oògùn ojú Bàbá bá jẹ́ latanoprost, inú fíríìjì ni ìgò tí wọn ò tíì ṣí ń gbé, èyí tí wọ́n ti ṣí á sì lo ọ̀sẹ̀ mẹ́rin níta. Fíríìjì tó wà ní yàrá kì í sábà tutù tó, torí náà ẹ kọ̀wé ṣáájú pé ẹ fẹ́ ti oògùn. Ẹ mú oògùn ọjọ́ márùn-ún lé sí i dání, nínú páálí tí orúkọ yín wà lára ẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀dà ìwé oògùn. Inú báàgì ọwọ́ ni gbogbo ẹ̀ máa wà. Àwọn aláàárù á gba àpótí yín ní èbúté, ó sì lè di ìrọ̀lẹ́ kẹ́ ẹ tó rí i lẹ́nu ọ̀nà yàrá. Ní ti norovirus, ìyẹn kòkòrò èébì àti ìgbẹ́ gbuuru tó máa ń ràn nínú ọkọ̀, ọṣẹ àti omi ló ń mú un kúrò. Jẹ́ẹ̀lì ọwọ́ ò fi bẹ́ẹ̀ ràn án.

Owó inú ọkọ̀: àwọn ilé-iṣẹ́ kan ti fi owó òṣìṣẹ́ kún tíkẹ́ẹ̀tì. Àwọn ti Amẹ́ríkà sábà máa ń bu nǹkan bí dọ́là 16 sí 20 lé ẹnì kọ̀ọ̀kan lójúmọ́, èyí tó lé ní 220 dọ́là fún ẹ̀yin méjì lọ́sẹ̀ kan. Ẹ béèrè. Ẹ má tètè ra owó ọtí alápapọ̀. Ọ̀pọ̀ ló ń fi dandan lé e pé tọkọtaya inú yàrá kan jọ gbọ́dọ̀ rà á, kódà bí ọ̀kan nínú wọn ò bá mutí. Ẹ ti fóònù sí airplane mode kí ọkọ̀ tó kúrò létí òkun, torí sátẹ́láìtì ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì ojú omi, owó ẹ̀ sì ń jóni. Kí àwọn ọmọ fi káàdì kírẹ́díìtì san ohun tó bá kọjá 100 pọ́n-ùn, kí Section 75, ìyẹn òfin Ìlú Ọba tó ń dáàbò bo ẹni tó fi káàdì kírẹ́díìtì rajà, lè dáàbò bò wọ́n bí ilé-iṣẹ́ bá kógbá sílé.

Nínú àwọn èbúté yẹn, Preikestolen tó sún mọ́ Stavanger kì í ṣe tiyín: òkúta tó ga ní 604 mítà, ìrìn òkè nǹkan bí kìlómítà mẹ́jọ lọ-bọ̀. Ẹ wọ ọkọ̀ kékeré tó ń gba Lysefjord kọjá, kẹ́ ẹ wò ó látìsàlẹ̀. Ní Loen tó sún mọ́ Olden, ọkọ̀ atòkè Loen Skylift á gbé yín dé 1,011 mítà láì gun àtẹ̀gùn. Ní Bergen, Fløibanen, ọkọ̀ ojú irin tó ń gun òkè, á gbé yín dé ibi tó ga tó nǹkan bí 320 mítà. Ẹ mú aṣọ òjò dání, torí Bergen àti òjò, ọ̀rẹ́ ni wọ́n. Geiranger ni kẹ́ ẹ ti ṣọ́ra. Afárá tó léfòó wà níbẹ̀, àmọ́ kì í ṣe gbogbo ọkọ̀ ló ń rí i lò, àwọn tó kù á fi ọkọ̀ kékeré gbé èrò lọ sí etí omi. Bíbọ́ sínú ọkọ̀ kékeré tó ń jó lójú omi le fún orúnkún. Ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn ṣáájú, bó bá sì rí bẹ́ẹ̀, ẹ jókòó sórí àjà òkè lọ́jọ́ yẹn. Bẹ́ ẹ bá lọ fúnra yín níbikíbi, ẹ ti padà ní wákàtí kan kí ọkọ̀ tó gbéra, kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Àwọn tó bá bá ìrìn tí ọkọ̀ fúnra ẹ̀ ṣètò lọ nìkan ló ń dúró dè.

Áyọ́ọ̀nù àti kẹ́túlù tiyín, wọ́n á gbà á lọ́wọ́ yín. Ọbẹ̀ tẹ́ ẹ sè nílé náà ò ní wọlé. Gàrí àti ata gígún tí wọ́n dì láti ilé-iṣẹ́ kì í sábà fa wàhálà nínú ọkọ̀, àmọ́ ẹ má gbé ẹran tàbí wàrà sọ̀ kalẹ̀ ní Nọ́wè. Fún alẹ́ tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ múra, ìró àti bùbá yín, agbádá wọn, ó ti pé.

Kí ọkọ̀ tó gbéra, wọ́n á pe gbogbo èrò sí ìdánrawò ewu. Fèrè kúkúrú méje àti gígùn kan ni àmì ẹ̀. Ẹ lọ, kẹ́ ẹ sì fi ẹsẹ̀ yín wọn ọ̀nà láti yàrá dé ibẹ̀, torí lífítì kì í ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ ewu. Bí àtẹ̀gùn ibẹ̀ bá pọ̀ jù fún yín, ọjọ́ yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ sọ fún wọn, kí wọ́n kọ orúkọ yín mọ́ àwọn tí wọ́n máa wá ràn lọ́wọ́.

Lálẹ́ ọjọ́ ìkẹyìn, wọ́n á ní kẹ́ ẹ gbé àpótí síta yàrá kí ilẹ̀ tó mọ́. Ọdọọdún la ń gbọ́ pé ẹnì kan ti di gbogbo aṣọ ẹ̀ sínú àpótí, tó wá fi aṣọ oorun sọ̀ kalẹ̀ ní Southampton. Ẹ yọ aṣọ ọjọ́ kejì, bàtà, oògùn, pásípọ́ọ̀tù àti kọ́kọ́rọ́ ilé sọ́tọ̀ kẹ́ ẹ tó ti ṣíìpù. Wọ́n á sọ pé ẹni tó bá fúnra ẹ̀ gbé ẹrù ẹ̀ máa kọ́kọ́ jáde. Ẹ̀yin ẹ fi í sílẹ̀ fún àwọn aláàárù.