Ìfẹ́ Ẹranko Nìkan Kò Tó: Ìdáhùn sí Ìbéèrè Ẹ̀yin Òǹkàwé

Ìbéèrè

Ẹ̀gbọ́n wa, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú ìmọ̀ràn. Ọmọ Ìwó ni mí. Láti oṣù Kẹsàn-án tó kọjá ni mo ti wà ní London, níbi tí mo ti ń kàwé gboyè ẹlẹ́ẹ̀kejì. Mo rántí pé ẹ sọ nínú abala yìí rí pé ọdún mẹ́fà gbáko ni ẹ fi ṣiṣẹ́ láìgba owó ní ilé tí wọ́n ti ń tọ́jú ajá àti ológbò tí kò ní olùtọ́jú. Mo fẹ́ràn ẹranko láti kékeré, ó sì ń wù mí kí n máa lọ sí irú ilé bẹ́ẹ̀ ní ọjọ́ Sátidé. Ọ̀rẹ́ mi ní n óò kàn máa bá ajá ṣeré ni. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní tirẹ̀ bínú, ó ní ṣé torí kí n lè máa kó ìgbẹ́ ajá fún òyìnbó ni wọ́n ṣe ta ilẹ̀ láti fi rán mi wá. Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni iṣẹ́ náà ṣe rí gan-an? Ṣé físà akẹ́kọ̀ọ́ tilẹ̀ fàyè gbà á?

Akẹ́kọ̀ọ́, London

Ìdáhùn

Àbúrò mi, ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ súnmọ́ òótọ́ ju ti ọ̀rẹ́ rẹ lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìbínú ló fi sọ ọ́. Ìgbẹ́ la fi ń bẹ̀rẹ̀ ọjọ́. Ní ilé tí mo ti ṣiṣẹ́, kí aago mẹ́jọ àárọ̀ tó lù, a ti wọ bàtà rọ́bà, a ti ń kó aṣọ ìbora tí ìtọ̀ ti rin gbingbin jáde láti yàrá kan dé èkejì, a ti ń fi búrọ́ọ̀ṣì fọ ilẹ̀, a sì ń da oògùn apakòkòrò sí i kí a tó fi omi ṣàn án. Ọpọ́n oògùn kan wà lẹ́nu ọ̀nà kọ̀ọ̀kan tí o gbọ́dọ̀ ti ẹsẹ̀ méjèèjì bọ̀ kí o tó wọlé àti lẹ́yìn tí o bá jáde, nítorí àrùn ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní parvo lè wà nínú ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù, bí ó bá sì wọ ilé tí ọmọ ajá wà, ó lè pa wọ́n tán láàárín ọjọ́ mélòó kan. Mo lo oṣù méjì níbẹ̀ kí wọ́n tó fi okùn ajá kankan lé mi lọ́wọ́. Aṣọ ni mo ń fọ̀, abọ́ ni mo ń fọ̀, mo sì ń wọn oúnjẹ, nítorí ajá tó ń ṣàìsàn inú kò gbọ́dọ̀ jẹ ohun tí èkejì rẹ̀ ń jẹ. Bí o bá fẹ́ràn ẹranko ṣùgbọ́n tí o kò lè fara da òórùn, ọjọ́ kẹta ni wàá sá.

Ní ti ajá fúnra rẹ̀, jẹ́ kí n sọ ti ọ̀kan fún ọ. Abo ajá kan ni, aláwọ̀ eérú, tí wọ́n rí níbi tí ẹnì kan so ó mọ́ irin ọgbà ìgbafẹ́ kan ní òru. Ìjọba ìbílẹ̀ ni òfin England gbé ọ̀rọ̀ ajá tó ṣìnà lé lọ́wọ́, wọ́n sì gbọ́dọ̀ tọ́jú rẹ̀ fún ọjọ́ 7 kí alájá lè wá gbà á. Ọjọ́ 7 pé, ẹnikẹ́ni kò wá, ni wọ́n bá gbé e wá sọ́dọ̀ wa. Ojú ògiri ló máa ń kọ sí látàárọ̀ dalẹ́. Bí ènìyàn bá kọjá, á bẹ̀rẹ̀ sí í yí po lójú kan náà bí òkòtó títí tí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ á fi bó. Àwọn àgbà ní ajá tó lẹ́ni lẹ́yìn ló ń pa ọ̀bọ. Èyí kò rí ẹnì kan ṣoṣo kà sí ẹni.

Iṣẹ́ tí wọ́n fún mi ni pé kí n gbé àpótí ìjókòó síwájú yàrá rẹ̀, kí n kọ ẹ̀yìn sí i, kí n máa kàwé sókè, kí n sì máa ju ègé ẹran kéékèèké sẹ́yìn láìwò ó. Bíbélì Yorùbá ló wà nínú àpò mi, ìwé Sáàmù ni mo sì ń kà fún un, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ní ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tí mo bá lọ. Ní ọ̀sẹ̀ kìíní, ẹran náà ń gbẹ síbẹ̀ ni. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, mo gbọ́ bí ó ṣe ń jẹ ẹ́ lẹ́yìn mi. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, ohun tútù kan kàn mí ní ìgbọ̀nwọ́ láti inú wáyà, mo sì mọ̀ pé imú rẹ̀ ni. Mi ò yíjú, mo kàn ń ka ìwé mi lọ, ohùn mi sì ń gbọ̀n. Ní ìlú wa, orúkọ ajá la fi ń sọ òkò ọ̀rọ̀ sí aládùúgbò, nítorí náà èmi náà sọ ọ́ ní Tanímọ̀la, mo sì fi ọ̀rọ̀ náà ránṣẹ́ sí ẹni tó so ó mọ́ irin. Lẹ́yìn oṣù márùn-ún, tọkọtaya kan wá mú un lọ. Èmi ni mo fi okùn rẹ̀ lé wọn lọ́wọ́, mo rẹ́rìn-ín títí ọkọ̀ wọn fi ṣí, mo sì wọ yàrá ìfọṣọ lọ sunkún. Ohun tí a tìtorí rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ nìyẹn: kí ẹni tí o fẹ́ràn lè lọ kúrò lọ́dọ̀ rẹ.

Àmọ́ ohun tí kò sí ẹni tó sọ fún mi kí n tó bẹ̀rẹ̀ ni pé iṣẹ́ ènìyàn ni iṣẹ́ yìí ju iṣẹ́ ẹranko lọ. Ẹranko kọ̀ọ̀kan ló ní ènìyàn kan lẹ́yìn ìtàn rẹ̀. Bàbá arúgbó tó ń lọ sí ilé ìtọ́jú àgbàlagbà á gbé ológbò ọlọ́dún mẹ́rìnlá wá nínú àpótí, á máa bá a sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ títí dé ẹnu tábìlì. Obìnrin tí onílé tuntun sọ fún pé òun kò gba ajá á wá pẹ̀lú ọmọ méjì tó ń ké. Mo ṣẹ̀ nípa èyí rí. Ọkùnrin kan gbé ajá tó rù kan eegun wá, mo sì bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá ọ̀daràn sọ̀rọ̀. Kò fèsì, ó fọwọ́ sí ìwé, ó jáde. Lẹ́yìn tó lọ tán ni ọ̀gá mi sọ fún mi pé ọkùnrin náà fúnra rẹ̀ kò tíì jẹun fún ọjọ́ méjì, àti pé ajá náà ló kọ́kọ́ ń fún ní ohun tó bá rí. Títí di òní ni ìtìjú ọjọ́ náà ṣì ń bá mi. Bí o bá dójú ti ẹni tó gbé ẹranko wá, ẹni tó kàn tó bá gbọ́ á so tirẹ̀ mọ́ irin ní òru ni.

Apá kan tún wà tí n kò ní fi pa mọ́ fún ọ. Láti ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 2023, òfin England àti Wales kò gbà kí ẹnikẹ́ni ta irú ajá tí wọ́n ń pè ní XL Bully tàbí kí ó fi ta ẹlòmíràn lọ́rẹ. Láti ọjọ́ 1 oṣù Kejì ọdún 2024, ẹni tí kò bá ní ìwé ìyọ̀ǹda kò gbọ́dọ̀ ní in nílé. Mo mọ̀ pé ajá wọ̀nyí ti pa ènìyàn, n kò sì bá ẹni tó ń bẹ̀rù jà. Ṣùgbọ́n gíga àti ìrísí ara ni wọ́n fi ń dá a mọ̀, kì í ṣe ìwà, ilé ìtọ́jú kò sì lè fà á fún alájá tuntun mọ́, bí ó ti wù kó tutù tó. Abẹ́rẹ́ ikú ló sábà máa ń kẹ́yìn rẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ tó ti fi ọwọ́ wọn bọ́ ọ ni wọ́n máa ń di orí rẹ̀ mú. Mo ti rí ọkùnrin abara líle kan tó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ tí kò lè dìde. Kí o tó fọwọ́ síwèé níbikíbi, béèrè ìlànà wọn lórí pípa ẹranko, kí o sì béèrè ẹni tí òṣìṣẹ́ lè bá sọ̀rọ̀ nígbà tí ó bá wúwo jù fún un.

Ní ti físà, òfin ìwọ̀lú ya iṣẹ́ ọ̀fẹ́ sí ọ̀nà méjì. Bí o bá kàn ń yọ̀ǹda ara rẹ, tí kò sí àdéhùn iṣẹ́, tí wọn kò fún ọ ju owó ọkọ̀ àti oúnjẹ lọ, wọn kì í kà á mọ́ wákàtí 20 tí ẹni tó ń kàwé gboyè lè fi ṣiṣẹ́ lọ́sẹ̀ nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ bá wà lẹ́nu iṣẹ́. Ṣùgbọ́n bí àdéhùn bá wà pé dandan ni kí o wá ní wákàtí báyìí, tí wọ́n sì ń fún ọ ní ohun tó dà bí owó iṣẹ́, wọ́n á kà á mọ́ ọn. Jẹ́ kí ilé náà kọ ọ́ sílẹ̀ irú èyí tí tìrẹ jẹ́, kí o sì fi ìwé náà han ọ́fíìsì tó ń rí sí akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ òkèèrè ní ilé ẹ̀kọ́ rẹ. Ra bàtà rọ́bà tó bá ẹsẹ̀ rẹ mu. Bí ilé ajá bá sì jìnnà, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹgbẹ́ wọ̀nyí ló ní ṣọ́ọ̀bù òkìrìkà láàárín ìlú, owó tó ń ti ibẹ̀ wá ni wọ́n sì fi ń sanwó dókítà ẹranko.

Bí ẹ̀gbọ́n rẹ bá tún ní ti òyìnbó ni, sọ fún un pé ní ọdún 1822 tí ọkọ̀ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì gba ọmọdékùnrin wa Àjàyí, tó di Bíṣọ́ọ̀bù Crowther, lọ́wọ́ àwọn onísòwò ẹrú, ọdún náà gan-an ni ilé aṣòfin London ṣe òfin pé ẹni tó bá fi ìkà lu màlúù, àgùntàn tàbí ẹṣin á jìyà. Nígbà tó di ọdún 1824 tí wọ́n dá ẹgbẹ́ tó ń gbèjà ẹranko, tí a mọ̀ sí RSPCA lónìí, sílẹ̀, Wilberforce tó fi ọ̀pọ̀ ọdún jà kí òwò ẹrú lè dópin wà lára àwọn olùdásílẹ̀. Ọkàn kan náà ló fi ṣe méjèèjì.

Ìbéèrè

Ẹ̀gbọ́n wa, ọmọ mi obìnrin tó ń kàwé níbí máa ń tẹ̀ lé àwọn dókítà ẹranko lọ fún ajá àdúgbò lábẹ́rẹ́ láìgba kọ́bọ̀. Àyà mi ń já. Ṣé kí n dá a dúró?

Ìyá ọmọ, Abẹ́òkúta

Ìdáhùn

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ kú àníyàn ọmọ. Ẹ má dá a dúró. Àrùn dìgbòlugi, tí wọ́n ń tìtorí rẹ̀ fún ajá lábẹ́rẹ́, kì í ṣe ohun tí a ń fi ẹnu lásán sọ: bí àmì rẹ̀ bá ti yọ lára ènìyàn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ẹni tó ń yè é, ọ̀dọ̀ ajá sì ni nǹkan bí 99 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó ń kó o ti ń kó o, ọmọdé sì pọ̀ lára àwọn tí ajá ń bù jẹ. Bí ajá 70 nínú ọgọ́rùn-ún ládùúgbò bá ti gba abẹ́rẹ́, àrùn náà kì í rí ọ̀nà tàn mọ́. Ọmọ yín ń ṣọ́ àwọn ọmọ aládùúgbò yín nìyẹn. Bí ajá bá bu ẹnikẹ́ni jẹ, kí ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ọgbẹ́ náà fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ má fi epo tàbí ewé sí i, kí ẹ sì gbé e lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà, kódà bí ọgbẹ́ náà kò bá ju fífín lọ.

Ohun kan péré ni kí ẹ bi í léèrè lálẹ́ òní: ṣé òun fúnra rẹ̀ ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi? Abẹ́rẹ́ náà wà fún ènìyàn tó ń fọwọ́ kan ajá lójoojúmọ́. Bí kò bá tíì gbà á, kí ó máa bá wọn kọ orúkọ sílẹ̀ lórí tábìlì, kí ó má tíì di ajá mú títí yóò fi gbà á.