Ẹ Bi Wá: Ìrìn Àjò Ìsinmi Pẹ̀lú Ọ̀rẹ́ sí Ahoro Ìlú Àwọn Maya

Ìbéèrè: Ọ̀rẹ́ márùn-ún ni wá. Cancún ní Mẹ́síkò la fẹ́ ti lo ìsinmi, a sì fẹ́ yọ ọjọ́ kan fún Chichén Itzá, ahoro ìlú àwọn Maya. Ṣé ká bá bọ́ọ̀sì àwọn aṣètò ìrìn àjò lọ ni, àbí ká háyà ọkọ̀?

Ìdáhùn: Àlọ àtàbọ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo yìí ló ń ba ibẹ̀ jẹ́ mọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́wọ́. Ọ̀nà náà tó nǹkan bí 200 kìlómítà. Bọ́ọ̀sì àwọn aṣètò máa ń kó èrò láti òtẹ́ẹ̀lì kan sí òmíràn, á tún dúró níwájú ilé ìtajà, nígbà tẹ́ ẹ bá fi débẹ̀, oòrùn ti kanrí, èrò sì ti kún fọ́fọ́. Ìmọ̀ràn wa ni pé kẹ́ ẹ lọ sùn ní ìlú Valladolid lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, kò ju nǹkan bí 45 kìlómítà sí ahoro náà lọ. Ìlú kékeré Pisté tún súnmọ́ ọn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Aago 8 àárọ̀ ni wọ́n ń ṣílẹ̀kùn. Tẹ́ ẹ bá ti tò sórí ìlà kó tó lù, ẹ ó ti rìn yí ká dáadáa kí àwọn bọ́ọ̀sì Cancún tó já èrò sílẹ̀. Aago 5 ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń tì í, ẹni tó bá dé lẹ́yìn aago 4 kò ní wọlé.

Ẹ ṣọ́ aago yín dáadáa. Ìpínlẹ̀ Quintana Roo ni Cancún wà, Yucatán sì ni Chichén Itzá àti Valladolid wà. Wákàtí kan ni aago Quintana Roo fi ṣáájú ti Yucatán. Ẹ ó jèrè wákàtí kan lálọ, ẹ ó sì pàdánù rẹ̀ lábọ̀. Ẹni tó fẹ́ wọ bàálù ní Cancún nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà gbọ́dọ̀ ṣírò èyí kó tó kúrò nínú ahoro.

Ní ti ọkọ̀, ọkọ̀ kékeré lè gba ẹ̀yin márùn-ún, àmọ́ kò ní gba ẹrù yín. Ẹ háyà èyí tó tóbi jù ú lọ. Owó tẹ́ ẹ rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì kì í sábà ní inṣọ́ránsì tí òfin Mẹ́síkò sọ di dandan nínú, ìyẹn èyí tó ń san ohun tẹ́ ẹ bá bàjẹ́ fún ẹlòmíràn. Ìdí nìyẹn tí owó fi máa ń gùn sókè lójijì nígbà tẹ́ ẹ bá dé iwájú tábìlì àwọn tó ń háyà ọkọ̀. Inṣọ́ránsì ọkọ̀ háyà tó wà lára káàdì báńkì kì í sábà kan ti ẹlòmíràn yìí. Kí wọ́n kọ iye gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ fún yín kẹ́ ẹ tó fọwọ́ síwèé.

Ní ti ọ̀nà tẹ́ ẹ máa gbà lọ, títì 180D máa ń yá, àmọ́ ó ní tóògéètì. Ẹ mú peso, owó Mẹ́síkò, dání. Títì 180 jẹ́ ọ̀fẹ́, àárín abúlé ló sì gbà, ó kún fún bọ́ǹpù tí wọ́n ń pè ní tope. Àwọn kan kò ní àmì kankan, ẹni tó bá ń sáré á kàn bá ara rẹ̀ lórí wọn ni. Ẹ má wa ọ̀nà yẹn lóru.

Ìbéèrè: Ọ̀kan nínú wa ní òun gbọ́dọ̀ gun pírámíìdì ńlá yẹn. Ṣé wọ́n ṣì ń gùn ún?

Ìdáhùn: Ní Chichén Itzá, rárá o. Ọdún 2006 ni wọ́n fòfin dè é, lẹ́yìn tí arìnrìn-àjò kan já bọ́ láti orí rẹ̀ tó sì kú. Àtẹ̀gùn náà ga gan-an, kò sì fẹ̀. Ẹ máa kà á láti ìsàlẹ̀: 91 ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, tẹ́ ẹ bá fi pèpéle òkè kún un, ó di 365, iye ọjọ́ inú ọdún.

Ohun kan wà níbẹ̀ tí ẹni tó dúró nísàlẹ̀ nìkan ló ń gbádùn rẹ̀. Ẹ kọjú sí àtẹ̀gùn, ẹ sún sẹ́yìn díẹ̀, kí ẹnì kan ṣoṣo pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan, kí àwọn yòókù dákẹ́. Ohun tó máa padà wá sétí yín dà bí igbe ẹyẹ, á bẹ̀rẹ̀ lókè, á sì máa rẹlẹ̀. Àtẹ̀gùn kọ̀ọ̀kan ló ń dá ìró padà lọ́tọ̀. Ti ìsàlẹ̀ máa ń tètè dé, ti òkè máa ń pẹ́, àlàfo àárín wọn sì ń fẹ̀ sí i, ìyẹn ló ń mú ohùn náà lọ sílẹ̀. Àárọ̀ kùtù, kí ariwo tó pọ̀, ló ti máa ń dáa jù.

Ní ti òjìji tó ń wọ́ bí ejò lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ̀gùn àríwá, ìrọ̀lẹ́ ni, nígbà tí ọ̀sán àti òru bá gùn dọ́gba, ní nǹkan bí March 20 tàbí 21 àti September 22 tàbí 23. Èrò ọjọ́ náà kọjá sísọ. Ẹ lọ ní ọjọ́ kan tàbí méjì ṣáájú tàbí lẹ́yìn rẹ̀. Òjìji náà kò tíì yàtọ̀ púpọ̀.

Ìbéèrè: Kí ló dé tí wọ́n ń gbowó lẹ́ẹ̀mejì lẹ́nu ọ̀nà? Báwo la ṣe máa pín owó láìjà?

Ìdáhùn: Ọ̀kan jẹ́ ti INAH, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ohun àtayébáyé, èkejì jẹ́ ti ìpínlẹ̀ Yucatán. Ẹ tọ́jú ìwé méjèèjì. Wọ́n máa ń fi kún owó náà, nítorí náà ẹ má gbára lé iye tí ẹni tó lọ lọ́dún tó kọjá sọ. Ọ̀fẹ́ ni Sunday fún àwọn ọmọ Mẹ́síkò, èrò sì máa ń pọ̀. Ẹ mú ọjọ́ mìíràn. Ẹ fi dróònù sílé.

Kí ẹnì kan di akápò. Láràárọ̀, kí kálukú dá iye kan náà, kí akápò máa fi san tíkẹ́ẹ̀tì, epo àti tóògéètì. Oúnjẹ àti ìlúwẹ̀ẹ́, kí kálukú san tirẹ̀. Owó ìlúwẹ̀ẹ́ tí wọ́n gbà lọ́wọ́ ẹni tí kò wọnú omi ló máa ń dájà sílẹ̀ jù.

Ìbéèrè: Àwọn kan nínú wa fẹ́ lúwẹ̀ẹ́ nínú cenote. Kí ló yẹ ká mọ̀?

Ìdáhùn: Òkúta ẹfun ni gbogbo ilẹ̀ ibẹ̀, omi òjò ń jò gba inú rẹ̀ lọ sábẹ́ ilẹ̀. Níbi tí òkè ihò bá ti wó lulẹ̀, omi á hàn: cenote nìyẹn. Èyí tó wà nínú Chichén Itzá, ẹ kò lè wọ̀ ọ́. Ibẹ̀ ni àwọn Maya ti ń rúbọ. Wúrà, òkúta jade àti egungun èèyàn ni wọ́n kó jáde nísàlẹ̀ rẹ̀. Ik Kil, cenote mìíràn tó wà nítòsí, ni ẹ lè lúwẹ̀ẹ́ nínú. Ẹ má fi ìpara oòrùn sára kẹ́ ẹ tó dé, torí pé wọ́n á ní kẹ́ ẹ fọ̀ ọ́ kúrò. Ó ń ba omi jẹ́. Aṣọ alápá gígùn àti fìlà sàn jù ú lọ.

Ìbéèrè: Ṣé a lè fi Tikal, ahoro ìlú Maya mìíràn, kún un láàárín ọ̀sẹ̀ kan náà?

Ìdáhùn: Orílẹ̀-èdè Guatemala ni Tikal wà, owó rẹ̀ yàtọ̀, físà rẹ̀ sì yàtọ̀. Ẹ má há a mọ́ ọ̀sẹ̀ kan. Tẹ́ ẹ bá ní ọjọ́ mẹ́wàá, ẹ sùn ní ìlú Flores, nǹkan bí 65 kìlómítà sí i. Ọ̀rẹ́ yín tó fẹ́ gun pírámíìdì á rí tirẹ̀ gùn níbẹ̀: Tẹ́ḿpìlì Kẹrin ga ju 60 mítà lọ, àtẹ̀gùn pákó ni wọ́n sì fi ń gùn ún. Ẹni tó bá fẹ́ lọ wo ìlà oòrùn níbẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ̀ pé kùrukùru sábà máa ń bò ó.