Dókítà, tíì wo ló ń pa ebi ọmọ?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, dókítà. Ọmọ ọdún 14 ni ọmọbìnrin mi, ó ga ní mítà 1.60, ó sì wọn kílò 92. Kì í yó. Mo ti dá oúnjẹ àárọ̀ rẹ̀ dúró, mo sì ń ti ilé ìdáná pa láti aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Síbẹ̀, ó ń jí búrẹ́dì jẹ lóru. Àǹtí rẹ̀ ní kí n ra tíì flat tummy fún un. Èwo ló dára jù nínú wọn, tí yóò pa ebi náà tí kò sì ní léwu? Ṣé kí n sì ní kó má jẹ ẹ̀bà mọ́?

ÌDÁHÙN: Màmá, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Kò sí èyí tó dára nínú wọn. Mo tètè sọ ìyẹn kí ẹ má baà kà á dé ìdajì kí ẹ ti rán ènìyàn lọ sọ́jà.

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ àárọ̀ yẹn ni mo fẹ́ bá yín jà lé lórí. Ẹ ní ẹ ti dá a dúró, "síbẹ̀" ó ń jí búrẹ́dì jẹ lóru. Ẹ yọ "síbẹ̀" yẹn kúrò. Torí pé ẹ dá a dúró ló ṣe ń jí búrẹ́dì jẹ.

Ọ̀pọ̀ òbí rò pé ebi dà bí ajá ilé, pé bí a bá ti jágbe mọ́ ọn, yóò lọ dùbúlẹ̀. Inú ọpọlọ ni wọ́n ti ń darí ebi, níbi kékeré kan nísàlẹ̀ rẹ̀ tí à ń pè ní hypothalamus, ibẹ̀ kò sì mọ ìjágbe. Iṣẹ́ tí ara bá rán sí i ló ń gbọ́. Ọ̀rá ara pàápàá ń ránṣẹ́ síbẹ̀. Leptin ni họ́mọ̀nù tó ń rán, èyí tí Jeffrey Friedman àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ṣàwárí ní New York lọ́dún 1994. Ohun tí leptin ń sọ ni pé oúnjẹ ṣì wà nínú àká. Agbẹ̀du tó ṣófo náà ní ìránṣẹ́ tirẹ̀, ghrelin, tí àwọn onímọ̀ ará Japan rí lọ́dún 1999. Ìyẹn ló ń pariwo pé a ò tíì jẹun. Nígbà tí leptin kọ́kọ́ jáde, ọ̀pọ̀ rò pé ká ṣáà máa gún un ní abẹ́rẹ́ fún ẹni tó sanra ni, ó parí. Àfi ìgbà tí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn tó sanra wò, tí leptin ti kún ibẹ̀ bámúbámú. Ìránṣẹ́ ń kanlẹ̀kùn, onílé ò gbọ́. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀ ló rí lára ọmọ yín: àká kún, ọpọlọ rò pé ìyàn ti mú.

Ẹ wá tún fi ìyàn tòótọ́ lé e.

Láàárín 1944 sí 1945, Ancel Keys, onímọ̀ nípa ara ènìyàn ní Yunifásítì Minnesota ní Amẹ́ríkà, kó ọ̀dọ́kùnrin 36 jọ, àwọn tí ara wọn dá ṣáṣá, tí wọ́n fínnúfíndọ̀ yọ̀ǹda ara wọn. Ó gé oúnjẹ wọn sí nǹkan bí ìdajì fún bí oṣù mẹ́fà. Oúnjẹ ni wọ́n ń rò tọ̀sán-tòru. Àwọn kan ń ka ìwé oúnjẹ sísè bí ẹni ń ka ìwé ìtàn, àwọn kan sì yọ́ jẹun lẹ́yìn àwọn olùtọ́jú. Ìgbà tí wọ́n dá oúnjẹ padà fún wọn, àwọn mìíràn jẹ títí ikùn fi ń dùn wọ́n, wọ́n ní ebi ṣì ń pa àwọn. Àgbà ọkùnrin nìyẹn o. Ẹ lè ní àwọn yẹn kò sanra tẹ́lẹ̀. Ó dáa. Ní Melbourne, ní Australia, wọ́n fi oúnjẹ táṣẹ́rẹ́ fọn àwọn àgbà tó sanra fún ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá. Nínú ìwádìí náà, tó jáde ní 2011, lẹ́yìn ọdún kan, ghrelin wọn ṣì ga ju bó ṣe wà kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin wá ń retí kí kọ́kọ́rọ́ ṣí orí ọmọ ọdún 14, tí egungun rẹ̀ ṣì ń gùn!

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pè é ní wọ̀bìà. Ẹ kò kọ ọ́ síbẹ̀, àmọ́ mo gbọ́ ọ láti ibi tí mo jókòó sí.

Tíì yẹn ńkọ́? Senna ló wà nínú ọ̀pọ̀ wọn, ewé tó ń mú ni yàgbẹ́. Omi ló ń bá ìgbẹ́ náà lọ, pẹ̀lú potassium, iyọ̀ ara tí ọkàn fi ń lù déédéé. Ọ̀rá wà níbi tó wà. Èyí tó tún burú jù ni pé wọ́n ti ká sibutramine mọ́ inú irú tíì àti kápúsù bẹ́ẹ̀ tí wọ́n kọ "ewé lásán" sí lára. Oògùn tó ń dín ebi kù ni, wọ́n sì ti kó o kúrò lọ́jà ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà láti 2010 nítorí àrùn ọkàn àti rọpárọsẹ̀. Òótọ́ ni pé abẹ́rẹ́ tó ń dín ebi kù wà báyìí. Amẹ́ríkà fọwọ́ sí semaglutide fún àwọn ọmọ tó sanra jù láti ọdún 12 sókè ní oṣù Kejìlá 2022. Abẹ́ ojú dókítà ni wọ́n ti ń lò ó, kì í ṣe lọ́wọ́ ẹni tó ń ta ìpara lórí WhatsApp.

Ẹ dá oúnjẹ àárọ̀ rẹ̀ padà lọ́la. Mọ́ínmọ́ín àti ẹ̀kọ, ẹ̀wà, ẹyin pẹ̀lú ẹ̀fọ́: àwọn wọ̀nyí máa ń pẹ́ nínú ju búrẹ́dì àti tíì oníṣúgà lọ. Ẹ̀bà kọ́ ni ọ̀tá. Ẹ ṣe é ní ìwọ̀n ìkúùkù rẹ̀, kí ẹ̀fọ́ pọ̀ lórí àwo, kí gbogbo ilé sì jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀, títí kan bàbá rẹ̀. Mínírà ni kí ẹ bá jà. Ẹ ka ẹ̀yìn ìgò: bí wọ́n bá kọ gíráàmù ṣúgà 10 sí mìlílítà 100, 50 ló wà nínú ìgò 50cl, ìyẹn ju ṣíbí ìpotíì 12 lọ, kò sì ní dín ẹ̀bà tó máa jẹ tẹ̀lé e kù. Kí fóònù má sì bá a wọ yàrá lálẹ́. Wákàtí mẹ́jọ sí mẹ́wàá ló yẹ kí ọmọ ọjọ́ orí rẹ̀ máa sùn. Àìsùn a máa dá kún ebi.

Ẹ wo ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀. Bó bá dúdú, tó nípọn bí aṣọ àrán, ẹ má fi kànìnkànìn bó o. Ìdọ̀tí kọ́. Ó sábà máa ń jẹ́ àmì pé ara kò gbọ́ràn sí insulin, họ́mọ̀nù tó ń darí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, lẹ́nu mọ́, kí wọ́n yẹ ṣúgà ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Bó bá ń han-an-run, tàbí tí nǹkan oṣù rẹ̀ ń ṣe ségesège, ẹ sọ ọ́ fún dókítà. Ẹ sì fi sùúrù bi í bóyá ó ń lo oògùn tí àwọn ọmọ ń lò kí ìdí wọn lè tóbi. Cyproheptadine ń mú ebi pani, dexamethasone sì ń ṣe ju ìyẹn lọ. Bó bá ti ń lo dexamethasone, ẹ má ṣe gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ lójijì kí ẹ tó rí dókítà.

Iye kílò tó yẹ kó dínkù, mi ò ní kọ ọ́ síbí, torí mi ò tíì fojú kan ọmọ náà, ohun tí mo kọ kò sì lè rọ́pò àyẹ̀wò. Ẹ mú un lọ sí ẹ̀ka àwọn ọmọdé nílé ìwòsàn ńlá tó súnmọ́ yín. Bí dókítà bá ní kí ẹ bọ́ síta fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kí òun bá a sọ̀rọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bọ́ síta.