Owó CoS: Ta Ló Yẹ Kó San Án?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n wa. Ìsọ̀nà ní Iléṣà ni mo ti ń kọ̀wé. Ẹnjiníà lọkọ mi, kọ́ńpìnì kékeré kan ní London ti ṣe intafíù fún wọn, wọ́n ní àwọn á gbà wọ́n fún ọdún mẹ́ta. Ájẹ́ǹtì tó wà láàárín wá ní ká mú mílíọ̀nù mẹ́sàn-án náírà wá fún CoS (Certificate of Sponsorship, ìwé tí kọ́ńpìnì fi ń ṣe onígbọ̀wọ́ ẹni tó fẹ́ gbà síṣẹ́) àti sponsorship, yàtọ̀ sówó físà. Ìyá ọkọ mi ti fẹ́ ta ilẹ̀ wọn tó wà lọ́nà Àkúrẹ́. Ṣé bó ṣe ń rí nìyẹn?

ÌDÁHÙN: Ìyàwó wa, ẹ bá mi bẹ màmá kí wọ́n má tíì ta nǹkan kan. Owó ẹni tó ń gbani síṣẹ́ wà lọ́tọ̀, towó ẹni tó ń lọ wà lọ́tọ̀, àwọn ájẹ́ǹtì ló máa ń po méjèèjì pọ̀ kí tiwọn lè wà láàárín.

Kọ́ńpìnì ló ń gba láísẹ́ńsì àtigba ẹni òkè òkun síṣẹ́ lọ́dọ̀ Home Office, iléeṣẹ́ ìjọba UK tó ń rí sọ́rọ̀ físà, oṣù kẹrin 2025 ló di £574 fún kọ́ńpìnì kékeré. CoS fúnra ẹ̀ £525 péré. Èyí tó wúwo níbẹ̀ ni Immigration Skills Charge, owó tíjọba ń gbà lọ́wọ́ kọ́ńpìnì tó bá gba ẹni òkè òkun síṣẹ́, láti oṣù kejìlá 2025 ó ti di £480 lọ́dún fún kọ́ńpìnì kékeré, àwọn ńlá ń san £1,320, ọdún mẹ́ta tiyín á jẹ́ £1,440. Kò sí kọ́bọ̀ nínú ẹ̀ tó yẹ kó jáde lápò ọkọ yín. Skills Charge ò tíì fìgbà kan jẹ́ ti òṣìṣẹ́, owó CoS àti láísẹ́ńsì náà, láti 31 December 2024 ni wọ́n ti ní kọ́ńpìnì ò gbọ́dọ̀ tì í sọ́rùn ẹni tí wọ́n bá gbà lórí físà Skilled Worker (físà òṣìṣẹ́ tó mọṣẹ́, irú tọkọ yín), èyí tó bá dán an wò, wọ́n lè gba láísẹ́ńsì ẹ̀, tí láísẹ́ńsì bá sì lọ, físà ọkọ yín náà wọ ewu nìyẹn. Ọmọ Òṣómàáló kẹ̀, tó máa ń lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè títí wọ́n á fi sanwó, ẹ̀yin lẹ wá fẹ́ kó mílíọ̀nù mẹ́sàn-án sílẹ̀ láì bi wọ́n pé kí lẹ̀ ń rà?

Tiyín gan-an ò kéré ṣá. Físà tí ò ju ọdún mẹ́ta lọ, oṣù kẹrin 2025 yẹn ló di £769, owó ìlera tẹ́ni tó ń lọ ń san kó lè máa gbàtọ́jú níbẹ̀ £1,035 lọ́dún, ẹ̀ẹ̀kan náà ni wọ́n sì ń gba tọdún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó jẹ́ £3,874 lápapọ̀ nígbà yẹn. Tẹ́ ẹ bá ń bá ọkọ yín lọ, iye yẹn náà ni tiyín, ibí ni ẹsẹ̀ ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń gbọ̀n. Kọ́ńpìnì míì máa ń bá èèyàn san án, àmọ́ ẹ ka àdéhùn iṣẹ́ dáadáa, torí wọ́n lè ní kẹ́ ẹ dá a padà tí ọkọ yín bá tètè fiṣẹ́ sílẹ̀.

Ẹ wo orúkọ kọ́ńpìnì náà lórí gov.uk, ọ̀fẹ́ ni lísìtì àwọn tó ní láísẹ́ńsì, kí ọkọ yín sì kọ ímeèlì sí kọ́ńpìnì náà tààràtà láì gba ọwọ́ ájẹ́ǹtì.

ÌBÉÈRÈ: Nọ́ọ̀sì ni mí n'Ílé-Ifẹ̀. Ṣé èmi náà máa san owó ìlera yẹn?

ÌDÁHÙN: Rárá o, físà Health and Care, ti àwọn òṣìṣẹ́ ìlera, ni tiyín, ẹ̀yin àti ọkọ àtọmọ ò ní san án. Àmọ́ tó bá jẹ́ iṣẹ́ care worker (ẹni tó ń tọ́jú arúgbó àtaláìlera) lẹnì kan ń ta CoS ẹ̀ fún yín, ẹ yáa sá, wọ́n ti ti ọ̀nà yẹn pa fẹ́ni tó bá ń ti òkè òkun bọ̀ láti 22 July 2025.